Òróró Ìyá Ìjọ Lójú Dígí Ọkọ̀ Onílé

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà orí wa. Láti Queens Village níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń pariwo, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bọ̀dá Láyí àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ bá mi kí wọn létí ọ̀tún, nítorí mo gbọ́ pé tòsì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ara wa le. Ọkọ mi ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, èmi náà ṣì ń tọ́jú màmá òyìnbó tí mo sọ fún yín, èyí tó máa ń pe ẹ̀bà mi ní kéèkì àwọn aláwọ̀ dúdú, tó sì máa ń jẹ ẹ́ tán. Òtútù ti ń yọ́ wọlé bọ̀, ewé igi ti ń pọ́n, a ti gbé aṣọ òtútù sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń rí lẹ́tà yín. Mo ti gbìyànjú títí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín lórí fóònù, ẹ̀rín kì í jẹ́ kí n dé ìdajì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já níbẹ̀, ẹ̀yin á rò pé ẹkún ni mò ń sun. Kí Bọ̀dá Láyí kà á fún yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá sì dé ibi tí mo ti dárúkọ wọn, kí wọ́n má fò ó.

Ẹ mọ̀ pé Dámilọ́lá, ọmọ ọmọ yín, parí high school lọ́dún yìí. Bàbá rẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un: kó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tòun, ní ilé ẹ̀kọ́ tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń gbé èèyàn dé, kó máa ti ilé lọ, kó máa ti ilé bọ̀. Ọmọ ní rárá. Ó ní ìmọ̀ ojú ọjọ́ lòun fẹ́ kà, bí àwọsánmà ṣe ń kóra jọ, ohun tó ń mú kí ìjì jà, ìdí tí òjò fi ń rọ̀ níhìn-ín tí oòrùn sì ń ràn lọ́hùn-ún. Oklahoma ni wọ́n sì ti gbà á, ibi jíjìnnà réré tí ìjì ti máa ń ká òrùlé ilé bí ẹni ká ẹní. Bàbá rẹ̀ ní ṣé torí kí ọmọ òun lè kọ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ lòun ṣe wá ń fọ ìdí aláìsàn ní America? Ó ní àwọn àgbẹ̀ Ṣakí ń gbójú sókè, wọ́n sì ń mọ̀, ẹnì kankan ò fún wọn ní dìgírì. Ọmọ fèsì lédè gẹ̀ẹ́sì. Èsì náà gùn, kò sì sí ẹ jọ̀ọ́ kankan nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, òun á hùn bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun, ó tán. Èmi ni wọ́n wá sọ di ògbufọ̀. Bí a bá ń jẹun, ọkọ mi á ní kí n sọ fún ọmọ mi pé kó gbé iyọ̀ wá. Iyọ̀ wà níwájú ọmọ, ọmọ wà níwájú rẹ̀. Ọmọ á ní Mummy, ẹ bá mi sọ fún Daddy pé iyọ̀ ò dáa fún ẹni tó ní high blood pressure. Èmi á sọ ọ́. Ọbẹ̀ mi á ti tutù.

Mo kọ́kọ́ ń fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí August wọlé, tí àpótí ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù bà mí, Màámi. Mo rò ó pé bí ó bá fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìdákẹ́jẹ́ náà á dàgbà sí i lọ́hùn-ún. A mọ àwọn tó bínú kúrò nílé níbí tí wọn ò padà wá mọ́, àfi káàdì ọdún Kérésì. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mi ò fẹ́ káàdì.

Ìgbà náà ni mo rántí yín. Ẹ rántí ọjọ́ tí èmi àti Bọ̀dá Láyí jà nítorí rédíò bàbá wa tó fọ́? Ẹ ò lù wá. Ẹ gbé atẹ ẹ̀gúsí kan sí àárín wa, ẹ ní kí a jọ bó o tán, ẹni tó bá dìde kó tó tán ò ní jẹun alẹ́. A ò tíì dé ìdajì tí ẹ̀gúsí kan fi ta sí ihò imú Bọ̀dá Láyí, tí wọ́n sín títí omi fi bọ́ lójú wọn, tí ẹ̀rín pa mí, tí wọ́n sì bá mi rẹ́rìn-ín. Bí ìjà ṣe tán nìyẹn. Atẹ ẹ̀gúsí ni mo wá fún àwọn méjèèjì yìí, Màámi, mi ò rí. Ilé wa níbí, ìlẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ jù. Bí o bá lé ọ̀kan wọ pálọ̀, èkejì á wọ yàrá tì.

Màmá tí mò ń tọ́jú ló la ojú mi. Ó ní nígbà tí òun àti ọkọ òun ṣì lágbára, wọ́n máa ń yá ọkọ̀ tí ibùsùn wà nínú rẹ̀, tí ibi ìdáná wà, tí ilé ìwẹ̀ wà, wọ́n á sì wà á lọ sí ẹ̀bá omi ní òpin ọ̀sẹ̀. RV lorúkọ rẹ̀ níbí. Èmi pè é ní ọkọ̀ onílé. Ó ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, kò sí tọkọtaya tó ń bínú tó lè wà nínú ẹ̀ kí wọ́n má parí rẹ̀, àfi tí ọ̀kan bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn délé. Mo ní atẹ mi rèé.

Ọkọ mi gbà kíákíá, nítorí ó fẹ́ràn ohun tí àwọn ará iṣẹ́ rẹ̀ á rí ní fọ́tò. Ọgbà ìpàgọ́ kan lẹ́bàá adágún lórí òkè la mú, ọmọ sì gbà nítorí ó ní sánmà ibẹ̀ mọ́ dáadáa. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ọkọ̀ náà yáni, ó mú wa yí i ká, ó fi gáàsì hàn wá, ó fi iná hàn wá, ó ṣàlàyé insurance, ọkọ mi ń mi orí bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ti wa ọkọ̀ ní Lagos, kí ló kù? A wá kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ọkùnrin náà ní gbogbo ohun tí a bá ṣe síbẹ̀, inú táǹkì kan lábẹ́ ọkọ̀ ló ń lọ, bí táǹkì bá sì kún, àwa fúnra wa la máa so rọ́bà mọ́ ọn láti dà á nù. Ọkọ mi dẹ́kun orí mímì. Ó ní kí ó tún un sọ.

Kí a tó délé ló ti ṣòfin. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Ó ní inú ọkọ̀ tí a ti ń dáná, tí a ti ń sùn, tí a ti ń gbàdúrà, ṣé ibẹ̀ ni a tún ti máa ṣe tibí? Ó ní òun ń da ìgbẹ́ aláìsàn nù láti Monday dé Friday, wọ́n ń sanwó fún òun. Òun ò ní fi owó ara òun yá ọkọ̀ kí òun tún máa da ti ìyàwó òun nù ní Saturday.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo sọ fún Ìyá Ìjọ wa ní Tremont, ní Bronx. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í gbé ọkọ̀ tuntun sọ́nà láìgbàdúrà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyálò ni. Ìyá Ìjọ ní kí a má tíì gbéra, àwọn ń bọ̀ láàárọ̀ Saturday. Ṣùgbọ́n Dámi ti wo sánmà, ó ti wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí n sọ fún Daddy pé òjò ńlá máa bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ní nǹkan bí aago mẹ́rin, kí a tètè kúrò. Mo sọ ọ́. Ọkọ mi wo òkè, ojú ọ̀run mọ́ rekete. Ó ní kí n sọ fún ọmọ mi pé Ọlọ́run ló ni òjò.

Nígbà tí Ìyá Ìjọ fi máa ti Bronx dé, tí wọ́n sinmi, tí wọ́n mu tíì, oòrùn ti wà lókè. Wọ́n yọ ìgò òróró jáde nínú báàgì wọn. Màámi, kì í ṣe ìgò kékeré tí a ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ti ìdáná ni, tí èèyàn lè fi dín àkàrà fún ìjọ. Wọ́n ta á sí táyà. Wọ́n ta á sí ìlẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò wa dúró lójú fèrèsé, ajá wọn pàápàá dákẹ́. Níkẹyìn, Ìyá Ìjọ ní kí a gbé àpótí ìjókòó wá, wọ́n gùn ún, ọkọ mi di àpótí mú, wọ́n sì ya àgbélébùú sí dígí iwájú ọkọ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ra gbogbo dígí náà láti etí dé etí, wọ́n ní kí ojú ibi kankan má rí wa lọ́nà. Èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù. Kò sí ẹni tó ronú nípa ojú ẹni tó máa wakọ̀.

Oòrùn ń ràn, nítorí náà dígí kàn ń dán ni. Ọkọ mi jókòó bí bíṣọ́ọ̀bù. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ṣí, ìkòkò fò, páálí ẹja gbígbẹ já lé Dámi lórí, ó sì bu ètè jẹ kí ó má bàa rẹ́rìn-ín lójú bàbá rẹ̀. Mo rí bàbá nínú dígí, òun náà ń bu ètè jẹ. Mo rò pé ó ti fẹ́ parí, ṣùgbọ́n wọ́n rántí pé wọ́n ń bínú.

Òfin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wá fìyà jẹ wá. Gbogbo ilé epo tó wà lọ́nà òkè yẹn la yà. Ẹni tó sì ṣòfin náà ni ìtọ̀ ń gbọ̀n jù, nítorí tíì tó bá Ìyá Ìjọ mu. Bí ó bá ti fẹ́ wá ibi tí yóò gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, tí ó fi máa sáré wọlé, tí ó fi máa sáré jáde, àkókò ń lọ. Dámi ń wo fóònù rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti rán mi níṣẹ́ kan, ó ti tó.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọgbà ìpàgọ́ náà, lójú ọ̀nà tóóró tí adágún omi wà lápá kan rẹ̀, ni òjò bẹ̀rẹ̀. Mo wo aago. Mẹ́rin ku díẹ̀. Ọkọ mi tẹ waipa. Waipa lọ, waipa bọ̀, dígí sì funfun bí ògì. Ó tún un tẹ̀, funfun náà ki sí i. Òróró Ìyá Ìjọ àti omi òjò ti di ọ̀kan, waipa sì ń fi wọ́n pa dígí lára bí ẹni ń fi àdí pa ọmọ. A ò rí igi, a ò rí omi, a ò rí iwájú. Ọkọ̀ méjì ti wà lẹ́yìn wa, wọ́n ń fọn fèrè, a sì gbọ́dọ̀ fi rìfáàsì wọ àyè tí wọ́n fún wa láàárín igi méjì.

Dámi wọ aṣọ òjò rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń pariwo pé Mummy, ẹ sọ fún Daddy kó yí i sí òsì. Mo gbọ́ ọ, mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní ọmọ rẹ ní kí o yí i sí òsì. Kí n tó sọ ọ́ tán, òsì ti kọjá. Ọmọ ní Mummy, ẹ ní kó dúró! Mo ní ó ní kí o dúró! A gbọ́ gbàù. Àgbá pàǹtí àwọn onílé ọgbà la gbá, ó sì ń yí lọ sínú adágún.

Màámi, mi ò ní gbàgbé ohun tó tẹ̀lé e. Ọkọ mi ṣí fèrèsé, ó yọ orí síta, òjò ń na án lórí, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó pe Dámilọ́lá lódindi, ó pe oríkì rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, òun ni kó sọ fún, ibi tó bá ní kí òun gbà lòun máa gbà. Ariwo òjò bo gbogbo rẹ̀. Mo rò pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Yorùbá rẹ̀, èyí tí ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí tábìlì, tó ń ní Daddy, ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ fún un ní ọ̀tún díẹ̀, ẹ rọra, ẹ máa bọ̀, ẹ dúró síbẹ̀ sà. Ọkùnrin tí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ dókítà ń gbọ́, ó ń ṣe é. Ọkọ̀ wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ àkọ̀. Mo fi ìbòrí mi nu ojú, mo ní òjò ni.

Ó bọ́ sílẹ̀ lọ wo dígí náà, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka, ó wò mí. Dámi ní jẹ́jẹ́ pé òróró ni. Bí ẹ̀rín ṣe mú bàbá rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rín tó tẹ̀ ẹ́ kodò, tó fi di igi mú. Ọmọ bá a rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí ẹ fi rán Bọ̀dá Láyí sí mi lọ́dún tó kọjá wà nínú báàgì mi. Mo bù ú fún wọn pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn, àwọn méjèèjì gun bẹ́ǹṣì, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, wọ́n ń fọ dígí nínú òjò. Èmi wọlé lọ dín dòdò. Mo ṣí fèrèsé díẹ̀, nítorí èéfín ni o.

Mo gbọ́ tí bàbá ń bi ọmọ léèrè bó ṣe mọ̀ pé aago mẹ́rin ni. Ọmọ ṣàlàyé. Bàbá ní kí ó tún un ṣàlàyé. Ó wá béèrè ohun tó rí nínú òjò tó fi gbé e sí àyà tó bẹ́ẹ̀. Màámi, ẹ fetí sílẹ̀ síbí yìí. Ọmọ ní ẹ̀yin ni. Ó ní láti kékeré, bí ẹ bá pè, tí a bá gbé fóònù fún òun, Yorùbá òun ò tó nǹkan, gẹ̀ẹ́sì yín náà ò tó nǹkan, ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ń bi òun tí òun lè dáhùn ni pé ṣé òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún? Òun á sáré lọ sójú fèrèsé, òun á wò ó, òun á sáré padà wá sọ. Ó ní nígbà tó yá, òun kì í dúró kí ẹ pè mọ́, òun á ti lọ wò ó sílẹ̀ dè yín. Ó ní ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kàn-ìn-kàn-ìn ọkọ mi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ fún èmi alára rí. Ó ní òun ò bá òjò jà. Ó ní Oklahoma jìnnà ni. Ó ní òun ti fojú inú rí i pé àwọn méjèèjì á jọ máa wọ bọ́ọ̀sì kan lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun á máa bá a di àyè mú. Ọmọ ní òun á máa pè é lójoojúmọ́. Bàbá ní kí ni wọ́n fẹ́ máa bá ara wọn sọ lójoojúmọ́, nígbà tí òun ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń kà? Ọmọ ní kó sáà máa bi òun bóyá òjò máa rọ̀. Dòdò mi jóná díẹ̀, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Òjò rọ̀ mọ́jú, kò sí ẹni tó lè sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ẹni tó ṣòfin tó ń yọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ó ní ọwọ́ lòun lọ fọ̀. Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀, bàbá òyìnbó kan tó wà nítòsí wa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so rọ́bà mọ́ táǹkì, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgúnpá. Èyí gan-an làwọn ará iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ẹni tó ni ọkọ̀ fa imú títí nígbà tí a dá a padà, ó ní òórùn wo lèyí? Mo ní ẹja ni. Mi ò sọ ti òróró.

Dámi ti lọ o, Màámi. Ilé dákẹ́, mo sì máa ń ṣèèṣì ka àwo mẹ́ta sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí ọkọ mi tó wọ bàtà, á pe Oklahoma, á béèrè bóyá kí òun mú agbòòrùn dání ní Queens. Ó lè yọjú síta kó rí i fúnra rẹ̀. Lánàá, òjò ti ń lu òrùlé wa gan-an, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù létí, ó ń dúró kí ọmọ sọ fún un.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ, ẹsẹ̀ yín ò ní gbé yín pàdé ibi, a ó fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ìta wa, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè. Dámi ní kí n kí yín, ó sì ní iṣẹ́ kan tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kí ẹ fi fóònù yín sítòsí láàárọ̀, nítorí òun ń wo ojú ọjọ́ Ṣakí fún yín. Bí òun bá ti rí òjò tó ń bọ̀, òun á pè yín, kí ẹ lè tètè kó ẹ̀gúsí tí ẹ sá sóòrùn wọlé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́